Kí Ni Fèrè Yẹn Wí?

Ní Ẹfọ̀n, tí ìkùukùu bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè
tó wá jókòó sórí páànù wa bí àlejò tí ò ní lọ,
mo máa ń wo bàtà ẹnu ọ̀nà Tíṣà Ọ̀ṣátúyì
kí n tó wọlé, kí n mọ ẹni tó ti dé.
Sálúbàtà Abẹgúndé tó ń lẹ táyà, ọ́ìlì dúdú lára ẹ̀.
Bàtà Fasúyì, tó fi pín lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún,
ó ṣì ń dán.

Ọjọ́bọ̀ ni. Iná ti dé.
“Ẹ rọra sọ̀rọ̀,” Tíṣà wí, “kó má baà gbọ́ kó padà.”
Ó ń nu àwo náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn.
Ikán ti jẹ orúkọ afọnfèrè kúrò lára páálí ẹ̀,
ó ku fìlà kan àti ìdajì ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Jáàsì ni ṣá. Ìyẹn la mọ̀.
Ó gbé fóònù ti sípíkà
nítorí Ìbíwùnmí nọ́ọ̀sì tó wà ní Kánádà,
ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiẹ̀, yìnyín ń bọ́.

Àwo kọ́kọ́ ń ta bí àkàrà nínú epo.
Báàsì wá ń rìn bọ̀, ẹsẹ̀ wúwo,
bí àgbà tó ń gun òkè wa láìkánjú.
Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iyán ní ojúlé kejì,
ọmọrí odó ń bọ́ sáàárín ìlù, kò bọ́ lé e.
“Ìyàwó yẹn mọ ìgbà ju onílù yìí lọ,” Abẹgúndé wí.
Fasúyì ní kó panu mọ́.

Fèrè dé.
Ohùn méjì péré: ọ̀kan dúró sílẹ̀, èkejì gòkè.
Ó tún un wí. Ó tún un wí,
bí ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọn ò dá lóhùn.

“Owó,” Abẹgúndé wí. “Ẹ ò gbọ́ ni? Owó, owó,
gbèsè ti wọ ọ̀gbẹ́ni yìí lọ́rùn.”
Tíṣà ní irọ́ ni, ẹjọ́ ló ń rò,
ẹ gbọ́ bí dùùrù ṣe ń já a nírọ́.
Èmi ní igbó ni.
Bàbá mi máa ń súfèé bẹ́ẹ̀ láti inú oko kòkó
ká lè mọ̀ pé ejò ò tíì bù ú jẹ.

Fasúyì yọ awò ojú ẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí a sin ìyàwó ẹ̀.
“Ikú,” ó wí, jẹ́ẹ́.
Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Àwo dé ibi àpá ẹ̀, ó há,
ohùn méjì, ohùn méjì, ohùn méjì.
Tíṣà máa ń fi ìka tì í. Lónìí kò tì í.
Inú fóònù ni ohùn ti jáde, ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn orin:
“Ulé,” Ìbíwùnmí wí,
bí a ṣe ń pè é níbí, kì í ṣe bí tíṣà ṣe kọ́ wa.
“Gbogbo yín ò gbọ́? Ulé ló ń pè.”

Afọnfèrè yẹn ò gbọ́ èdè wa rárá.
Ó lè jẹ́ ajá ẹ̀ ló ń pè.

Iná lọ.
Àwo ń lọ́ra, ohùn tó ti ń gòkè ń rẹ̀ wálẹ̀,
ó ń rẹ̀ wálẹ̀, títí ó fi di ilẹ̀.
Odó náà ti dákẹ́.
Fóònù nìkan ló ń tàn lára ògiri.
“Ṣé ẹ wà níbẹ̀?” ó ń bi wá. “Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?”
Fasúyì ló na ọwọ́ gbé e.
“A wà n'ulé,” ó wí.
Abẹgúndé ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà ẹ̀ nínú òkùnkùn.