Hílíọ́ọ̀mù Tán Lóru

Ní Novosibirsk, òtútù oṣù Kìíní a máa fọ́ ìgò omi,
a máa lẹ ìpéǹpéjú mọ́ra.
Ẹni tó bá wọlé á gbọn yìnyín lẹ́sẹ̀,
á ní, "Òtútù yìí fẹ́ pa ènìyàn."
Èmi á rẹ́rìn-ín sínú ibọ̀wọ́ mi.
Lójú ohun tí mò ń ṣọ́, ìta yẹn gbóná bí ààrò.

Òkúta kan ni, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Kì í ṣe irin, kì í ṣe amọ̀:
a bẹ̀ ẹ́ kó gbé iná, ó gbé díẹ̀,
ó wo ojú ẹni kó tó gbé ìyókù.
Inú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé,
ọ̀kọ̀ọ̀kan bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀.
Mo wí bẹ́ẹ̀ kó lè yé ọ ni. Òkòtó kankan kò sí níbẹ̀,
ìkọjúsí lásán ni: òkè, tàbí ilẹ̀.

Mo lọ́ ìmọ́lẹ̀ pupa bí okùn, mo jù ú sí wọn,
gbogbo wọn kọjú síbì kan náà.
Ìmọ́lẹ̀ kejì tẹ̀lé e, ó bi wọ́n léèrè:
ṣé ẹ ṣì rántí?
Nínú hílíọ́ọ̀mù olómi, lẹ́bàá ibi tí òtútù parí sí,
wọ́n á rántí.
Gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí bílíọ̀nù, ka ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀:
ayé gbogbo nìyẹn lọ́dọ̀ wọn.
Ṣùgbọ́n bí ooru bá yọ́ wọlé,
òkúta á máa gbọ̀n láti inú egungun rẹ̀,
á máa fi ìgúnpá gún wọn,
eléyìí wo ẹ̀yìn, tọ̀hún wo ẹ̀gbẹ́,
ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ìlà ti dàrú.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, Yelizar Fomich,
tó ti ń rọ hílíọ́ọ̀mù láti ọdún mọ́kànlélógún,
fi ìka kan àgbá náà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀.
"Taisiya, ó ti tán.
Ọkọ̀ tó ń gbé òmíràn bọ̀ há sínú yìnyín.
Pa ẹ̀rọ, ká lọ sùn."

N kò pa á.
Mo jókòó ti òkúta bí ẹni jókòó ti aláìsàn,
mo ń kọ bó ṣe ń gbóná sílẹ̀: ogún, ọgbọ̀n.
Ìrántí ń kúrú bí àbẹ́là.
Fomich gé búrẹ́dì dúdú, ó bu tíì.
Ogójì. Àádọ́ta.
Ìrántí gùn.

Mo nu ojú. Mo tún un wọ̀n. Ó gùn sí i.
Mo bú wáyà, mo bú dígí.
Ìgbà wo ni ooru di oníṣègùn?

Ó tó wákàtí kan kó tó yé mi:
ẹni tó dá rìn lọ gbọọrọ ni ọ̀nà ń yí lójú padà;
ẹni tí èrò ń tì síwá, tì sẹ́yìn,
kò ráyè ṣìnà.

"Bí bọ́ọ̀sì òwúrọ̀," ni Fomich wí.
"Ibi tí mo kọjú sí nígbà tí mo wọ̀ ọ́,
ibẹ̀ náà ni mo kọjú sí tí mo fi sọ̀."
"Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an," ni mo dá a lóhùn.
Mo sì kọ ọ́ sétí ìwé.

Lẹ́yìn ọgọ́rin, ó tún wálẹ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò rántí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ hílíọ́ọ̀mù dé.
Fomich gbé páìpù, ó ń wojú mi.
Mo ní kó rọ ìdajì péré.