Pákó Akínnúsọtú

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni fóònù mi já sí kànga,
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsìnkàn, l'Ákúrẹ́.
Mo tẹ̀ síwájú láti fa omi ìbọ́jú,
ó yọ́ jáde lápò àyà mi bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.
Mo yọjú wò ó.
Iná rẹ̀ ṣì ń tàn nísàlẹ̀ omi,
bí ojú ológbò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún: ẹnìkan ń pè mí.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dún, ohùn rẹ̀ rin gbindin,
iná kú.
Mo fa omi mi, mo bọ́jú.

Àdúgbò ní kí n sáré ra òmíràn.
Mo ní owó tó wà lọ́wọ́ mi, owó pákó oníbàárà ni.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọwọ́ mi ò gbọ́ràn:
bí mo bá ti gbé ìfági sílẹ̀,
ó ti ń tọ àyà lọ, bí ẹni tó ń wá ọkàn rẹ̀.
Lọ́jọ́ kejì mo rí i pé mi ò mọ nọ́ńbà ẹnì kankan lórí,
àní ti ìyá àwọn ọmọ mi, tó lọ wo ọmọ ọwọ́ n'Íkàrẹ́.
Ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ ohun tí ìfági ń wí:
ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, níbi tí igi ti rọ̀,
ó ń kùn níbi tó bá ti kan kókó.
Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀.
Èmi ni mi ò sí nílé.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi Akínnúsọtú sọ sí mi lọ́kàn,
ẹni tó ń ra kòkó ní Odòjọ̀mù, l'Óǹdó.
Ojoojúmọ́ là ń pe ara wa:
"Ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́."
"Ilé ń kọ́?" "Wọ́n wà." Ó parí.
Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí a ti ń dúpẹ́ báyìí,
ojú ò fojú rí.
Mo wọkọ̀.
L'Ówẹnà, àwọn obìnrin ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú fèrèsé,
ọkọ̀ kan ń bọ̀ lódìkejì, ó fọn fèrè, awakọ̀ wa fọn tiẹ̀.
Omi ni mo ń wò ní tèmi.

Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó kàn bú sẹ́rìn-ín:
"Ọkọ mi kékeré! Àkúrẹ́ mà ni bàbá wọn gbà lọ láàárọ̀ yìí,
ọ̀dọ̀ yín ló lọ!
Ó pè yín l'Ọ́jọ́rú láti sọ fún yín, ó ní ẹ ò gbé e."
Mo rántí iná abẹ́ omi.
A fi fóònù tirẹ̀ pè é.
Ó dún nínú yàrá, lábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo tún àgbékọ́ fèrèsé wọn ṣe, mo jẹun,
aya rẹ̀ ń tú kòkó lórí ẹní, ó ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó ní ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣú láti ìgbà ọyẹ́ èṣí.
Ojoojúmọ́ là ń pe ara wa.
"A dúpẹ́," ló máa ń wí.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé.
Ó ti lọ. A tún ti kọjá lára wa lójú ọ̀nà kan náà.
Lórí tábìlì iṣẹ́ mi, lára pákó ọmọ̀ tí mo fá sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn,
ó fi pẹ́ńsù mi kọ ọ́ gàdàgbà:
MO WÁ. O Ò SÍ.
MO SE ẸYIN ADÌẸ RẸ MÉJÌ JẸ.
IGI YÌÍ Ń DÁN.
Ìlà náà ń yà bàrá sápá òsì.

Mo ti ra fóònù báyìí, kékeré, onítọ́ọ̀ṣì.
Inú agolo ìṣó ló ń sùn, ọ̀sán ni mo ń ṣí i.
Mo pè é.
"Ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́."
"Ẹ̀gbọ́n mi. Ojú yín ń kọ́?"
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìẹ ilé wọn.
Mo ní, "Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ má lọ síbì kankan."

Oníbàárà mi ń béèrè ilẹ̀kùn rẹ̀.
Mo ní ó ku pákó kan.