Ojú Ọ̀run Méjì

Àlàbàtà, aago méjì òru.
Kọ̀ǹpútà mi ń mí gúlegúle bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bí.
Mo ti fi nọ́ńbà mọ òkè kan
tí ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ rí.

Mo bu iyọ̀ fàdákà sínú ìkùukùu rẹ̀,
ẹ̀kúnwọ́ kan péré.
Kì í ṣe yìnyín tiwa tó ń lu páànù:
òjò dídì ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Mo tún un ṣe, n ò bu nǹkan kan sí i.
Òkè kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà.
Ó ṣì rọ̀.
Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju èékánná lọ.
Èwo ni mo pè? Èwo ló ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìyá mi pè láti Ìtòkò:
“Fadérera, òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ.”
Bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣófo láti oṣù Ẹrẹ́nà.
“Ká ní a tètè gbé e lọ Ìdí-Àbà ni…”
Òjò gba ìyókù lẹ́nu rẹ̀.

Mo wo ojú ọ̀run méjì nínú ẹ̀rọ,
mo wo ẹyọ kan tó wà lójú fèrèsé,
èyí tí kò ṣeé tún bẹ̀rẹ̀.
“Màámi, ẹ gbé bàsíà sí i.”