Bàbà Tàbí Èédú

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Láfẹ́nwá, ẹ̀yìn ojú irin,
irin kì í fọwọ́ kan irin kó tó jẹ ẹ́.
Inú karosíìnì la ti ń rán iná níṣẹ́:
ó ta pá, ó ta pá,
irin líle a sì máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja.

Ṣóńdé fẹ́ móòdù òòyà,
eyín mọ́kànlélógún, tín-ín-rín bí igi ìṣáná.
Ta la ó rán wọlé?

Ọ̀gá ní bàbà ni.
Ojú ihò bàbà a máa dán bí omi Ògùn lẹ́ẹ̀rùn.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gé e fẹ́lẹ́,
á tẹ̀ bí ewé àlùbọ́sà, á hurun létí.
Èédú ò tẹ̀, èédú ò yọ́,
àmọ́ eruku rẹ̀!
Òun ló bí ikọ́ tí Ọ̀gá ń hú láti ọdún méje.

Mo yan èédú.
Mo fi aṣọ di imú,
mo ní kí Ọ̀gá lọ jókòó lábẹ́ dóńgóyárò.

Ó ku eyín mẹ́ta, iná ọba lọ.
Nínú òkùnkùn, ó ki nǹkan tútù kan bọ̀ mí lọ́wọ́:
bàbà, ó ti fi fáìlì ha á.
“Orúkọ Ṣóńdé ń bọ̀ lẹ́yìn òòyà,” ó ní.
“Èyí ni kí o fi kọ ọ́.”