Ó Wà Níbẹ̀

Lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kushiro,
alẹ́ Ọjọ́bọ̀, sítóòfù ń mí hẹlẹ bí arúgbó,
Olùkọ́ Kuramochi mú ẹfun, ó kọ ọ́ sára pátákó:
koto ga aru.

"Bí ẹ bá ti ṣe nǹkan rí," ló wí,
"ẹ má kàn sọ pé ẹ ṣe é.
Ẹ sọ pé ṣíṣe tí ẹ ṣe é, ó wà.
Ó wà, bí àga ṣe wà,
bí ìkòkò ṣe wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnìkan kò ṣí."

Mo ní nínú ara mi: àṣé rí ni.
Rí kékeré tiwa,
tó máa ń jókòó sí ìdí gbólóhùn
tí kì í dárúkọ ọjọ́, tí kì í dárúkọ oṣù.

Wilmer ará Peru ló kọ́kọ́ dìde:
"Mo ti jẹ ìrẹsì rí."
A bú sẹ́rìn-ín.
"Ta ni kò jẹ ẹ́? Ohun ojoojúmọ́ kì í wọ ibẹ̀.
Àná náà kì í wọ ibẹ̀.
Omi ṣì ń kán lára àná."

Ó kan Tuyết, tó ń di ẹja sínú agolo ní èbúté,
tó dé láti oṣù Karùn-ún.
Yìnyín ni orúkọ rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.
Ó dìde, ó wo ilẹ̀:
"N kò rí yìnyín rí."
Koto ga nai. Kò sí níbẹ̀.

Ni Wilmer bá da ìbéèrè kọ olùkọ́:
"Ṣé ẹ̀yin ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí?"
Ẹfun dúró.
"Rárá.
Mo ti dúró de ọkọ̀ rí."

Kò sọ ọkọ̀ ta ni. Kò sọ ọdún.
Gírámà kò bi í.
Ó kàn nu ọwọ́ sára síwẹ́tà rẹ̀,
ẹfun sì kù síbẹ̀, lápá òsì àyà.

Aago mẹ́sàn-án, a ti ilẹ̀kùn.
Ohun funfun kan ń bọ́ lábẹ́ iná títì,
jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n ń tu ìyẹ́ adìyẹ lókè.
Tuyết tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.
Ó lanu, ó ń wá gbólóhùn náà,
Olùkọ́ Kuramochi mirí:

"Kò tíì yá. Wò ó ná.
Jẹ́ kó kọ́kọ́ yọ́."