Padà sí Ogún

Ṣíìpù náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Ojú ìwé kan ààbọ̀, inú rẹ̀ ti kún.
Kò mọ àwòrán, kò mọ orin,
kò mọ̀ ju kí o bi í, kí ó dá ọ lóhùn.
Ìyẹn náà ni mo ń wá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni pọ́ńpù àdúgbò wa ti yadi,
lẹ́yìn odi Kétu, létí ọ̀nà Ìlárá,
níbi tí ilẹ̀ pupa ti gbé omi pamọ́ jìnnà
bí arúgbó tó so owó mọ́ ìdí.
Bídọ́ọ̀nù tò láti ẹnu ẹ̀rọ
títí dé ẹnu ọ̀nà Ọdúnlámì aránṣọ.
Àwọn tó ti Kùtọnu wá ṣí àpótí ẹ̀rọ náà,
wọ́n mirí, wọ́n ní ó ti kú,
kí á dáwó jọ ra òmíràn.
Wọ́n dárúkọ iye kan
tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Fásínù, àbúrò bàbá mi, tó ń tún rédíò ṣe,
fi ìwé kan sílẹ̀ nígbà tó kú.
Àwọn yòókù pín ilẹ̀, wọ́n pín páànù,
wọ́n ní kí n máa mú ìwé mi lọ.
Ó rí kọ̀ǹpútà rí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan l'Ájàṣẹ́,
ọ̀sẹ̀ méjì péré,
ó wá fi ìyókù ayé rẹ̀ kọ Bésìkì sínú ìwé
láìní ẹ̀rọ tí yóò kà á.
Ìlà ẹ̀wá. Ìlà ogún. Ìlà ọgbọ̀n.
Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ení, èjì, ẹ̀ta kà á.
Ó ní: "Ta ní í kọ ebè mọ́ ebè?
Fi àlàfo sílẹ̀.
Ohun tí o gbàgbé yóò wá ibi dúró sí."

Mo jókòó sábẹ́ páànẹ́ẹ̀lì sóólà,
kọ̀ǹpútà lórí itan, ṣíìpù lórí òkúta,
wáyà mẹ́rin láàárín èmi àti òkú.
Mo tẹ ìlà kan ṣoṣo: jí rìlé.
Tẹ́ẹ́!
Kò ní kí n dúró kí ó jinná;
bí ọ̀rọ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́ mi ni èsì ń dé.
Páànẹ́ẹ̀lì, èló lo ní? Fóltì méjìdínlógún.
Mọ́tò, ṣé o wà? Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa,
àwọn ọmọdé hó yèè. Mo ní ẹ dákẹ́ ná.
Ó ku ojú tó ń wo omi nínú táńkì.

Mo ṣí ìwé Fásínù.
Ẹ̀wá: ka wáyà kẹta.
Ogún: sọ ohun tí o kà.
Ọgbọ̀n: padà sí ogún.
Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.
Kún. Kún. Kún. Kún.
Mo fi òkúta lu táńkì, ó dún gbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀n bí agolo òfìfo.
Ta ló ń purọ́?

Ọkàn mi lọ sórí ìwé náà.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Fásínù ka wáyà,
ó wá ń tún ọ̀rọ̀ àná sọ títí láé.
Ogún ọdún, kò rí ẹ̀rọ tí yóò bá a wí.
Mo wọ inú àlàfo tó fi sílẹ̀:
Márùndínlọ́gbọ̀n: tún wáyà kà.
Èmi kò fọwọ́ kan ọgbọ̀n.
Padà sí ogún, bó ti wí.

Kún. Kún. Síbẹ̀.
Ó dáa. Ìwé ti bọ́ nínú ẹ̀bi.
Mo gun àkàbà. Agbọ́n ti mọ ilé amọ̀
sí ọrùn ojú omi, ó gbé e sókè,
ó ń fi òfìfo ṣe àyó.
Mo fi ìgbálẹ̀ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.
Nísàlẹ̀, Àìná ọmọ Ọdúnlámì ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún mi:
"Kún. Kún. Kún. Kún.
Ẹ̀gbọ́n! Ó ní ó ṣófo!"

Inú ò dùn sí òfìfo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo yọ okùn, ṣíìpù gbàgbé gbogbo wa.
Wọ́n ti ń jà lórí ẹni tí bídọ́ọ̀nù rẹ̀ kàn.
Mo fi pẹ́ńsùlù kọ márùndínlọ́gbọ̀n
sí àárín ìlà Fásínù méjèèjì.
Ó gbà á. Àyè ṣì kù.