Ohùn Ẹrẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ará etí òkun Essex
tí ahọ́n nìkan kò lè dá pè:
squelch.
Ètè á kọ́kọ́ sù jọ bí ti ẹni tó fẹ́ mu tíì gbígbóná,
ahọ́n á já,
afẹ́fẹ́ á sì sá gba àárín eyín jáde.
Bí bàtà ṣe ń já kúrò nínú ẹrẹ̀ gan-an nìyẹn.
Ẹni tó bá pè é ti fi ẹnu rìn nínú àbàtà.

Mo háyà yàrá òkè lọ́dọ̀ Winifred Pudney nígbà náà.
Ojú mi ló ṣe kọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ òjò:
“Má kà á, Alfie. Tẹ̀ ẹ́.”
Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Itọ́ fọ́n sára búrẹ́dì.

Mo rántí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tiwa,
ọ̀rọ̀ tó fi gbogbo ìdí jókòó, tí kò kánjú lọ síbì kan.
Tiwọn kì í jókòó. Ó ń fà ọ́ sẹ́yìn,
ó ń tọrọ ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ kejì.
Bí apẹja kan bá ń ṣàròyé nínú ìpàdé,
tí alága fi gbólóhùn kan ṣoṣo pa á lẹ́nu mọ́,
wọ́n á ní ó squelch rẹ̀.
Bọ́tìnnì kan lára rédíò ọkọ̀ ojú omi ń jẹ́ orúkọ yìí pẹ̀lú:
yí i sọ́tùn-ún, ṣùùù inú afẹ́fẹ́ á kú,
ilé á pa rọ́rọ́ títí ẹnìkan yóò fi pè.
Bí ọ̀rọ̀ kan ṣe jẹ́ ariwo,
tó tún jẹ́ ọwọ́ tí ń bo ariwo lẹ́nu,
n kò mọ̀. Bóyá ẹrẹ̀ mọ̀.

Nínú oṣù kọkànlá, òkun fà sẹ́yìn,
Horace ọkọ rẹ̀ lọ wo àwọ̀n.
Kùrukùru dé. Òkun padà dé. Horace kò dé.
Winifred jókòó ti rédíò,
ó yí bọ́tìnnì náà sósì pátápátá.
Ariwo kún ilé bí ìrẹsì tí wọ́n ń dà sórí páànù.
“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màámi,” ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí. “Ẹ pa á.”
“Ohùn tó bá ti rẹ̀, bọ́tìnnì yìí á kà á mọ́ ariwo.
Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé.”
A wà bẹ́ẹ̀ títí fèrèsé fi funfun.

Rédíò kò sọ nǹkan kan.
Ẹ̀yìnkùlé ló sọ̀rọ̀:
squelch,
pẹ́tẹ́,
squelch,
pẹ́tẹ́.
Bàtà kan, ẹsẹ̀ lásán kan.
Ẹrẹ̀ ti gba ìkejì.

Ó na ọwọ́, ó yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún.
Horace dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu, ó fẹ́ ṣàlàyé.
“Dákẹ́ ná,” ni Winifred wí.
“Tún un tẹ̀.”